Ojú Ọmọ Mi Lẹ́yìn Kámẹ́rà

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí. Ìran Ìkòyí ni bàbá mi, ìran Ọ̀pómúléró ni ìyá mi. Ilé méjèèjì kò sì kọ́ mi láti máa tẹ orí ba. N kò kọ orúkọ tí wọ́n sọ mí sínú ìwé yìí, nítorí ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí láyé mọ́ láti gbà mí láyè kí n dárúkọ tirẹ̀, kò sì tọ́ kí orúkọ ìyá máa dá rìn.

Àkọ́bí mi ni, ọkùnrin. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe awọ, lẹ́bàá Vicenza ní Ítálì, ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ń gbé ní Turin lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá ti tì fún ìsinmi oṣù Kẹjọ, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń lọ sí etí òkun, òun a gbé kámẹ́rà kọ́rùn, a forí lé Éṣíà. Ó lọ sí Nepal, ó lọ sí Vietnam, ó lọ sí Íńdíà lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ta àwòrán, kì í sì í gba ẹ̀bùn lórí rẹ̀. Ìfẹ́ lásán ni. Ní àwọn ọjọ́ Àìkú tí ó bá wà nílé, òun a lọ sí Padua tàbí Udine, a máa ya àwọn arúgbó tí wọ́n jókòó ní ìta gbangba.

Lẹ́yìn ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan, òun a gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí Turin, a gbé e sáàárín àwo ọbẹ̀ lórí tábìlì, kí n lè wò ó. Mo rí obìnrin kan tí ó ń wa ọkọ̀ ojú omi tí òdòdó kún inú rẹ̀. Mo rí baba kan tí ó ń yáàrùn lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni ọmọ mi fẹ́ràn jù: ọwọ́ aláró, ọwọ́ amọ̀kòkò, ọwọ́ àwọn tí ń já ewé tíì.

Mo bi í nígbà kan pé, “Ṣé kò sí arúgbó ní Ìbàdàn ni, tí o fi ń fò lọ wo ti ẹlòmíràn?”

“Wọ́n wà, Màmá. Ṣùgbọ́n ti Ìbàdàn á kọ́kọ́ bi mí pé ọmọ ta ni mí, kó tó jẹ́ kí n ya òun.”

“Bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kí n tó ka ìran tán, oòrùn á ti wọ̀.”

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí ó wá kẹ́yìn, ó ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, kò sì dìde mọ́. Wọn kò mú mi lọ sí Vicenza, èmi náà kò sì béèrè. Òbí kì í rí òkú ọmọ rẹ̀, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Àwọn aládùúgbò wa, ará Ítálì, rò pé àìsàn ni ó dá mi dúró. N kò tún èrò wọn ṣe. Ní wákàtí tí wọ́n ń sin ín, mo múra bí ó ti yẹ, mo sì jókòó sí yàrá mi ní Turin.

Ní orílẹ̀-èdè yìí, wọn a máa tẹ ojú olóògbé sórí tánganran, wọn a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta oórì. Ẹni tí ń gbẹ́ òkúta béèrè fún fọ́tò. Ọmọbìnrin ọmọ mi, tí ó ń kàwé ní Padua, gbé kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀ wá bá mi, a sì wò ó títí ojú fi ń ta wá.

“Nonna, non c’è,” ni ó wí. Nonna ni ó ń pe ìyá àgbà.

Kò sí lóòótọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán, kò sí ojú rẹ̀ nínú ọ̀kan ṣoṣo, nítorí òun ni ó máa ń di kámẹ́rà mú. Ọ̀kan péré ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan yà ní Nepal: ọmọ mi wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú arúgbó kan, kámẹ́rà sì bo ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

“Èyí ni mo fẹ́,” ni ọmọ náà wí.

“Ojú rẹ̀ dà?”

Mo ṣí àpamọ́wọ́ mi, mo mú fọ́tò kékeré kan jáde, èyí tí ó yà fún permesso, ìwé ìgbélùú rẹ̀. Ojú rẹ̀ hàn kedere níbẹ̀, etí méjèèjì sì hàn. Ọmọ náà wò ó, ó mi orí. Ó fi èdè Ítálì sọ̀rọ̀, ó sì tún un sọ ní Yorùbá kí n má baà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

“Èyí kọ́ ni bàbá mi. Ẹni tó tò sórí ìlà ní questura, lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, nìyí. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ wò ó.”

“Ó sàn ju irin àti gíláàsì lọ. Ta ni yóò mọ̀ ọ́n nínú tìrẹ?”

“Èmi. Ẹ wo bó ṣe kúnlẹ̀, Nonna. Kò dúró lé àgbàlagbà lórí yà á rí.”

Mo ní ọmọ tèmi ni, èmi ni yóò yan ojú tí yóò wà lórí òkúta rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

“Ẹ̀yin ò ní lọ síbẹ̀ láé. Èmi ni màá máa lọ. Gbogbo domenica, gbogbo ọjọ́ Àìkú.”

Òtítọ́ ni ó sọ: ẹni tí yóò máa dúró níwájú òkúta náà ni ó ni àwòrán ibẹ̀. Mo dá fọ́tò kékeré padà sínú àpamọ́wọ́ mi, mo ní kí ó mú èyí tí ó fẹ́ lọ.

Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta báyìí. Àwọn tí ó débẹ̀ ní ó dára. Ní tèmi, ojú tí mo ní ni èyí tí ó yí sí mi láti fèrèsé reluwé ní Turin nígbà tí ó wá kẹ́yìn, tí ó ń fi ọwọ́ júwe kí n tètè máa lọ sílé nítorí òtútù, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta, ọdún 2014.