Ohun Tí Màmá Ń Bá Wọn Sọ

Lẹ́yìn tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ màmá mi tán ní Olówógbowó, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tinúbú. Èmi ni ọ̀gá ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ mi wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù, mà," wọ́n bá tiwọn lọ. Ẹni tí yóò jókòó tì mí ni mò ń wá, mi ò rí i. Ó dùn mí gan-an.

Ojoojúmọ́ ni màmá mi máa ń wá jókòó tì wọ́n ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, tí wọn yóò jọ máa tàkúrọ̀sọ. Èmi kì í dé ibẹ̀. Ọ́fíìsì ni ọ̀gá ń jókòó sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo gbọ́ tí wọ́n bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹnì kan ní, "Ẹ ò rántí ohun tí Màmá sọ nípa ọkọ wọn lọ́jọ́ yẹn?" Ọkọ wọn kẹ̀, bàbá mi nìyẹn! Mo sáré lọ gbọ́. Bí mo ṣe yọjú báyìí, gbogbo ilé pa lọ́lọ́, kálukú dorí kọ iṣẹ́. Inú bí mi, ká má parọ́. Ìyá ta ni wọ́n ń sọ?

Mo pe àgbà inú wọn sí ọ́fíìsì. Obìnrin náà jù mí lọ dáadáa, òun àti màmá mi sì jọ máa ń jẹ obì ni.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni Màmá sọ nípa bàbá mi?"

Wọ́n ní, "Kò sí nǹkan kan, mà."

Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ̀gá kan tí mo lọ, wọ́n kọ́ wa pé bí ọ̀gá bá ti béèrè ọ̀rọ̀ tán, kó dákẹ́, kó wo ẹni náà lójú, onítọ̀hún á sọ tinú rẹ̀. Mo bá dákẹ́. Mo wò wọ́n lójú. Ọ̀rọ̀ ẹnu màmá mi ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kódà kó jẹ́ pé ṣe ni Màmá bú bàbá mi.

Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ ní Èkó yìí pé bí ọ̀gá bá dákẹ́, tó tẹjú mọ́ni, ọ̀ràn ti dé? Obìnrin àgbà yìí kúnlẹ̀ níwájú mi lórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ foríjì wá. A ò ní dárúkọ Màmá mọ́."