Ìyá Mi Kò Sunkún

Tísà tó ń kọ́ wa ní ìtàn kíkọ fi omijé irọ́ sójú ìyá mi lónìí!

Mo kọ nípa ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi wọ lọ́rì lọ sí Àbíjàn. Mo ní tẹ̀rín-tẹ̀rín ni ìyá wa di èlùbọ́ fún un.

Tísà fi íńkì pupa pa á rẹ́, wọ́n kọ "Ó bú sẹ́kún" sí i.

Mo ní, "Sà, wọn ò sunkún. A kì í sunkún lé arìnrìn-àjò lẹ́yìn nílé wa."

"Ta ló máa gbà bẹ́ẹ̀? Ẹkún ló ń mú ìtàn dùn."

Wọn ò tiẹ̀ ṣí ojú ìwé kejì, níbi tí ìyá wa ti bu oúnjẹ ẹ̀gbọ́n mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí wọ́n ń pè é kó wá jẹun.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ ìyá tiyín ńkọ́, ẹ ó gbà?