Ọkà Tí Sìfáwù Fi Ọlọ Ata Lọ̀

"Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi o!"

Igbe tí Bàsírà, ọmọ ọmọ mi, ké lórí fóònù láàárọ̀ àná nìyẹn, ni mo bá gbé ife ẹ̀kọ mi kalẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe nílé wa níbí, ní Ṣakí. Ó ti kọ iṣẹ́ kan parí, ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, iṣẹ́ náà sì kọ̀ jálẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi. Ẹ gbà mí o! Ó ní kọ̀ǹpútà kì í lóye ohun tí òun bá kọ, àfi kí nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpáílà kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ kúnná fún un. Ó ní kọ̀ǹpáílà pọ̀ lóríṣiríṣi, ìran kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló sì ní èyí tó bá a mu.

Mo ní, "Ta ló wá ń yàn án?"

"Màmá, bí n kò bá ti dárúkọ ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ni yóò mú."

Orí mi dàrú. Mo kàn ń mi orí bí ẹni pé ó yé mi. Ṣùgbọ́n igbe yẹn, mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọlọ ńlá kan wà lábẹ́ igi òrí lẹ́yìnkùlé wa, àárín rẹ̀ ti jẹ wọnú bí àwo. Ata nìkan ni ìyá mi, Ìyá Músá, ń fi í lọ̀. Ẹ̀rọ ti dé ìgboro ní tiwa. Bí wọ́n bá ní kó o lọ lọ ọkà, ìdí ẹ̀rọ lẹsẹ̀ rẹ ń gbà lọ láìbéèrè.

Sìfáwù, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wá gbé lọ́dọ̀ wa láti oko kan lẹ́yìn Ògbòòrò. Ẹgbẹ́ mi ni. Ìwé ló bá wá, nítorí kò sí ilé ìwé girama ní tiwọn. Bí a bá ń gbálẹ̀, á fi ìka kọ̀wé sórí yẹ̀pẹ̀, èmi á sì mú ìgbálẹ̀ dání títí á fi kà á tán.

Ààwẹ̀ dé, bàbá mi pe àwọn ààfáà wá ṣínu. Ìyá mi gbé ọkà bàbà tó ti rin fún Sìfáwù: "Lọ lọ èyí wá." Kò sọ ibi tí yóò ti lọ̀ ọ́. Èmi wà nílé kéwú. Sìfáwù fọ ọlọ náà mọ́ tónítóní, ó kúnlẹ̀ tì í, ó lọ ọkà títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, nítorí orí òkúta ni wọ́n ti ń lọ ọkà níbi tó ti wá. Ṣùgbọ́n ata ti wọ òkúta tiwa lára.

Lọ́jọ́ kejì, ààfáà àgbà ní "Bísímílà", ó gbé ẹ̀kọ tí wọ́n fi ọkà náà ṣe mì, ojú rẹ̀ pọ́n, ikọ́ gbà á. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Ìtìjú ló pa ìyá mi. Ó gbà pé Sìfáwù mọ̀ọ́mọ̀ dójú ti òun ni.

"Ta ní í fi ọlọ ata lọ ọkà?"

Sìfáwù wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ọlọ kì í ta nílé wa."

"Ó dáa, wàá padà sílé yín!"

Bí wọ́n ṣe gbé e sórí ọkọ̀ tó ń lọ kó iṣu nìyẹn. Ìwé tán. Nígbà tó yá, wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ti mú un lọ sí ọ̀nà Ìpàpó, n kò tún gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìyá mi kì í ṣe ìkà o. Sìfáwù náà kò ṣe ohun tí kò tọ́. Ta wá ni kí n dá lẹ́bi? Mo ti rò ó títí, kò yé mi.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán àná, Bàsírà sáré wọlé tọ̀ mí wá. "Màmá, ó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá!" Ó ní òun ti kọ ọ́ sínú iṣẹ́ náà pé kó kọ́kọ́ béèrè irú kọ̀ǹpútà tó bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀, kó tó yan èyí tí yóò lọ̀ ọ́.

"Ó máa ń kọ́kọ́ béèrè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ìbéèrè kan péré ni."

Omi lé ròrò sójú mi. Igi òrí ti wó, ṣùgbọ́n ọlọ yẹn ṣì wà lẹ́yìnkùlé, adìẹ ń mu omi òjò nínú rẹ̀. Olúkúlùkù ṣì ń rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé tòun ni gbogbo ayé ṣe ń ṣe é. Bí irin ṣe wá kọ́ láti béèrè ohun tí àwa èèyàn kò béèrè, ìyẹn ṣì dàrú mọ́ mi lójú.

Sìfáwù, bí o bá wà láyé, jọ̀ọ́: báwo lẹ ṣe ń ṣe é nílé yín?