Gíláàsì Jíìpù Bèbí Mi

Bí mo bá ti gbóòórùn gọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ṣúmékà, àyà mi máa ń já. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Ìdí-Àràbà, mo fi páálí àti gọ́ọ̀mù ṣe jíìpù ńlá fún bèbí mi, mo gé sílípáàsì tó já ṣe táyà. Fíìmù dúdú tí mo rí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo gé ṣe gíláàsì.

“Ta ló gbé fíìmù àyà tí wọ́n yà fún mi lọ́sibítù?” ni bàbá mi pariwo.

Mo sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá mi gbé jíìpù náà síwájú fèrèsé. Egungun ìhà rẹ̀ hàn lára gíláàsì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ìbínú, ẹ̀rù àìsàn rẹ̀ ló ń bà á.

“Ṣé bèbí ẹ ń rìnrìn àjò ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì. Á lọ re, á bọ̀ re.”

“Àmín,” ni bàbá mi wí, fún mọ́tò páálí.