Iná Tí Wọ́n Dì Lẹ́nu

Bí Má-tàn-mí bá ń bínú, wọ́n ní irin tó ti dógùn-ún láti ìgbà ìwáṣẹ̀ a máa tú fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní tú. Wọ́n fi òòlù lù ú, wọ́n rọ epo sí i lórí, wọ́n bẹ̀ ẹ́ bí ìyàwó tó ń bínú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbọ́ lẹ́nu Má-tàn-mí tó fi yí kúrò lójú ihò rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ bi nọ́ọ̀tì.

Obìnrin ni. Mẹkáníìkì ni, ọmọ mẹkáníìkì. Ó kúrú, ó ki, apá rẹ̀ sì le bí ọwọ́ jáàkì. Ọkọ rẹ̀ sọ pé ọwọ́ tí òun dì mú lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn, òórùn epo bíréèkì ló ń jáde lára rẹ̀, pé òórùn náà ni òun sì fi mọ̀ pé òun ò ṣi ẹni mú. Orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é, ẹnu ara rẹ̀ ló ti wá. Bí oníbàárà bá ní mọ́tò òun ò wúkọ́ rí àfi láàárọ̀ yìí, á ní, "Má tàn mí." Bí ẹni tó ń ta irinṣẹ́ bá búra pé ojúlówó ni, "Má tàn mí." Àní wọ́n ní nígbà tí agbẹ̀bí gbé e sókè lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tó ní, "Ẹ wo ọmọ arẹwà," ojú tó fi wo agbẹ̀bí náà, ojú "má tàn mí" ni.

Bàbá rẹ̀ ló dá ibi iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Òrùlé páànù gígùn kan ni, pẹ̀lú kòtò kan nílẹ̀ tí èèyàn lè dúró sí lábẹ́ mọ́tò, àti pátákó ńlá kan lára ògiri tí bàbá fi ọ̀dà funfun ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí. Bí sípánà kan bá sọnù, òjìji rẹ̀ nìkan ni yóò kù lára pátákó, tí yóò máa sunkún. Kí bàbá náà tó dolóògbé, ó pín iṣẹ́ fáwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ ọkùnrin, ni yóò máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀, nítorí ahọ́n rẹ̀ dùn. Àbúrò, Má-tàn-mí, ni yóò máa yan irinṣẹ́, nítorí ojú rẹ̀ kì í gbẹ̀bẹ̀.

Ó sì fi òfin kan lélẹ̀. Irinṣẹ́ àyẹ̀wò kankan ò gbọdọ̀ wọlé àwọn láìjẹ́ pé ó ṣèdánwò. Wọ́n á mú mọ́tò tí ara rẹ̀ yá gágá, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ níbì kan tẹ́nì kan ò rí, wọ́n á wá ní kí irinṣẹ́ náà wá ibẹ̀ kàn. "Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ ilé mi," bí bàbá ti máa ń wí nìyẹn, "kó kọ́kọ́ rí mi níbi tí mo sá pamọ́ sí."

Nígbà tí mọ́tò ayé ìsinsìnyí wá di ohun tó ń fi iná pupa, iná aláwọ̀ ọsàn, bá olówó rẹ̀ sọ̀rọ̀, Má-tàn-mí bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó gbọ́ èdè wọn. Ó yá ọ̀kan, ó yọ wáyà lára sẹ́ńsọ̀ tó ń wo ooru ẹ́ńjìnnì, ẹ̀rọ náà ní jíà ló bàjẹ́. Ó dá a padà fún ẹni tó ni ín pé, "Ẹ gbà, ẹ lọ bá a wí, ó ń parọ́ lójú àgbà." Ó yá òmíràn, ìyẹn ò tiẹ̀ rí nǹkan kan. Ìgbà tó yá ló dé ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan tó ń ṣiṣẹ́ iná mọ́tò. Ẹ̀rọ ọwọ́ bàbá yìí dúdú, wọ́n fi téèpù wé e lára bí ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ojú rẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá ń lọ lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ náà á máa sọ bí ẹsẹ̀ mọ́tò kọ̀ọ̀kan ṣe ń sáré. Ibi tí Má-tàn-mí fi àléébù pamọ́ sí, ó bá a débẹ̀.

"Èyí ni," ló wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Irú rẹ̀ tuntun ni kẹ́ ẹ rà."

Ẹ̀gbọ́n ní ó ti gbọ́. Má-tàn-mí bá gba ìlú mìíràn lọ láti tún ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kú sójú ọ̀nà ṣe, ẹ̀rọ bàbá arúgbó wà nínú àpò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mẹ́nu ba ẹ̀gbọ́n yìí díẹ̀. Dídán ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ohun tó bá ń dán ló fẹ́ràn: bàtà, eyín, ìlẹ̀kùn. Mọ́tò tirẹ̀, ó nù ún tó bẹ́ẹ̀ tí eṣinṣin tó bà lé e yọ̀ ṣubú, tó fi ìyẹ́ dá. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ pé bí ohun tó ń dán bá kọjá níwájú rẹ̀, ọgbọ́n a bá ẹ̀yìn rẹ̀ jáde.

Ọ̀sẹ̀ kan ni Má-tàn-mí lò lẹ́nu ìrìn àjò náà. Ọ̀sán ọjọ́ tó dé, ó bá èrò oníbàárà tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, ó bá àpótí kan tí inú rẹ̀ jẹ́ aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì lórí tábìlì bàbá wọn, ó sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbé ohun kan tó tóbi bí tíréè oúnjẹ dání, àwọ̀ oríṣiríṣi ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kí lèyí?"

"Ẹ kúulé ńkọ́? Ẹ̀rọ àyẹ̀wò ni."

"Mo rí i pé kì í ṣe búrẹ́dì. Ṣé èyí tí mo ní kẹ́ ẹ rà rèé?"

"Ó ju ìyẹn lọ! Ó ń sọ̀rọ̀ bí obìnrin. Wo bọ́tìnnì pupa yìí. Iná yòówù tó bá ń tàn nínú mọ́tò, tẹ̀ ẹ́ báyìí, gbogbo wọn á kú pátá!"

"Ṣé ó ṣèdánwò?"

Dídán nu ojú ẹ̀rọ náà nígbà tí kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀. "Ẹni tó tà á fún mi wọ táì."

"Táì!" Ẹyẹ tó wà lórí páànù gbéra. "Wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ yẹ ẹ̀rọ wò, ọrùn èèyàn lẹ lọ yẹ̀ wò! Kí ló ń sọ nípa bí ẹsẹ̀ mọ́tò ṣe ń sáré?"

"Kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Oníbàárà ò mọ ẹsẹ̀, iná ló ń dẹ́rù bà á. Iná kú, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó tán."

"Ó tán? Bí ọmọ bá ń ké, tẹ́ ẹ fi aṣọ dí i lẹ́nu, ṣé ọmọ ti yó nìyẹn?"

"Ta ni ẹ̀gbọ́n láàárín wa?"

"Ẹ̀yin ni. Ta ni Bàbá ní kó yan irinṣẹ́?"

Dídán tún bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú ẹ̀rọ náà. Orí ló kó o yọ tí Àǹtí wọn fi wọlé lákòókò yẹn. Àbúrò bàbá wọn ni, obìnrin gbàǹgbà tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọmọ kéékèèké lọ sílé ìwé, tó sì ń kó wọn padà sílé.

"Ẹ kúuṣẹ́ o! Bọ́ọ̀sì mi ńkọ́? Àwọn ọmọ mi ti fẹ́ jáde nílé ìwé."

"Ó ti wà ní sẹpẹ́, Àǹtí!" Dídán fò dìde. "Iná bíréèkì tó ń dà yín láàmú láàárọ̀, mo ti pa á."

"Iná kí ni?" Má-tàn-mí béèrè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò ti wá ibi sá sí.

"Iná bíréèkì. Ó ti kú."

"Kí ló pè é jáde?"

"Mo ní ó ti kú!"

Ọ̀nà ilé ìwé yẹn, òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, ó ṣẹ́ kọ́nà nísàlẹ̀, odò ló sì wà lẹ́yìn kọ́nà náà. Má-tàn-mí já kọ́kọ́rọ́ gbà lórí tábìlì, ó gun bọ́ọ̀sì, ó jókòó sídìí sitiárìn, ó sì tilẹ̀kùn mọ́ra.

"Ọmọ yìí, sọ̀kalẹ̀ lórí àga mi," Àǹtí wí, "kí n tó jókòó lé ọ lórí, kó o di tìmùtìmù."

"Ẹ jókòó lé mi, Àǹtí. Ọkọ̀ yìí ò ní í kó ọmọ kankan."

"Àwọn ọmọ ń dúró nínú oòrùn!"

"Oòrùn ò pọmọ. Ẹ bi Bọ̀ọ̀dá mi ohun tó ń ṣe bíréèkì yín."

Àǹtí yíjú sí Dídán. Dídán gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sókè, ohùn obìnrin inú rẹ̀ sì sọ wẹ́rẹ́ pé kò sí àléébù kankan. "Ẹ gbọ́ tirẹ̀ bí?" ni Dídán wí.

"Mo gbọ́," Má-tàn-mí dáhùn. "Ó ti dí ẹlẹ́rìí lẹ́nu tán, ó wá ń sọ pé ẹlẹ́rìí ò rí nǹkan kan. Àǹtí, ẹ wọlé. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin náà ẹ wọlé, kẹ́ ẹ gbé ìyàwó yín olóhùn iyọ̀ yẹn dání."

Ó fa ẹ̀rọ onítéèpù yọ nínú àpò, ó so ó mọ́ ọkọ̀, ó gbé e lé Àǹtí lọ́wọ́, ó sì wa bọ́ọ̀sì gba ojú ọ̀nà títẹ́jú tó wà lẹ́yìn ibi iṣẹ́, tí mọ́tò kì í gbà púpọ̀. Ó rọra ń lọ.

"Ẹ ka ohun tẹ́ ẹ rí, Àǹtí."

"Nọ́ńbà mẹ́rin. Mẹ́ta dọ́gba. Ìkẹrin... ó ń lọ. Ó ti di òdo. Ó tún ń lọ. Ó tún ti di òdo! Ẹsẹ̀ iwájú, lápá ọ̀tún. Kí ló dé tó ń ṣe bí aláìsàn?"

Kí ẹnikẹ́ni tó fèsì, iná bíréèkì tún tàn níwájú wọn, pupa fòò, bí àlejò tí wọ́n lé jáde lójúde tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ Dídán ò sọ nǹkan kan.

Wọ́n padà sábẹ́ páànù. Má-tàn-mí fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ iwájú náà sókè, ó fi ọwọ́ méjèèjì di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì ín. Táyà náà ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ bí eyín ọmọdé tó fẹ́ ká. Ó tú u. Bíárìn inú rẹ̀, irin tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi ń yí, ti jẹ tán. Àwọn bọ́ọ̀lù irin tó yẹ kó rí rógódó ti rún. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń ka bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń sáré, kò ní àléébù kankan. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń mì ló ń kúrò níwájú rẹ̀, ìyẹn ni sẹ́ńsọ̀ náà ń pariwo lé lórí, tí wọ́n fi dì í lẹ́nu.

Àǹtí gba bíárìn náà, ó yí i lọ́wọ́ wò. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé láyé tí ẹ̀rín kò sí lójú rẹ̀.

"Àwọn ọmọ mélòó lo mọ̀ pé mo ń kó?" ló bi Dídán.

"Àǹtí, ẹ má bínú..."

"Mo ní mélòó! Ìwọ ni mo pọ̀n sẹ́yìn, tó o tọ̀ sí mi lára. Ìwọ lo fẹ́ rán mi wọ odò, kí ilé lè máa dán?"

"Ẹni tó tà á ló..."

"Ẹ fi onítáì sílẹ̀!" Má-tàn-mí ló wí bẹ́ẹ̀, ó sì ju àkísà rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Kò mọ Bàbá, kò mọ òkè, kò mọ ọmọ ẹnì kan níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ẹ mọ òfin, ẹ sì fò ó nítorí bọ́tìnnì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ̀yin tiẹ̀ fi lẹ́búlẹ́bú kun làpálàpá, ẹ ní ó ti jinná!"

Dídán wo ilẹ̀. Ó ní, "Àwọn ọmọ ṣì ń dúró."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mọ́tò tó ń dán sì wà."

Ọkùnrin tí kò jẹ́ kí eṣinṣin bà lé mọ́tò rẹ̀ ló kó àwọn ọmọ ilé ìwé relé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ wọn wà lórí àga. Súìtì lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ọmọbìnrin kan tí òòyì ọkọ̀ ń kọ́ lójú bì sínú ihò tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà jáde, wọ́n sì ní títí dòní, bí wọ́n bá tan afẹ́fẹ́ náà, mọ́tò á gbin.

Nígbà tó padà dé, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Má-tàn-mí ń fi bíárìn tuntun sẹ́sẹ̀ bọ́ọ̀sì, kò gbójú sókè.

"Má bínú. Màá lọ ra èyí tó o yàn."

"Ẹ óò rà á. Mo ní ìbéèrè kan. Láti ọ̀sẹ̀ tí mo ti lọ, ta lẹ tún tẹ bọ́tìnnì yẹn fún?"

Dídán ronú. Ó fọwọ́ gbá orí. Ọkùnrin tó ń kó ẹja. Tọkọtaya tó ń rìnrìn àjò ọ̀nà jíjìn. Nọ́ọ̀sì. Èrò tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án. Bó ṣe ń rántí wọn ni ojú rẹ̀ ń ṣú.

"Wọ́n pọ̀," ló wí.

"Ahọ́n yín dùn, Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lò ó."

Dídán wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó irinṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè tí Má-tàn-mí ti fi ọ̀dà funfun ya àwòrán ẹ̀rọ kékeré sí, tí ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò tíì dé. Ó gbé fóònù sétí. Àbúrò rẹ̀ dá sípánà dúró kó lè gbọ́ ọ.

"Ẹ má bínú o, nọ́ọ̀sì. Èmi mẹkáníìkì ni. Níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà, ẹ rọra páàkì. Iná mọ́tò yín ọjọ́sí, kò kú o. Èmi ni mo dì í lẹ́nu."