Fótò Tí Mo Yìn Lórí Ẹní

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di géńdé, tí irùngbọ̀n mi kò tíì ju ẹyọ-ẹyọ lọ, mo yin fótò kan tí kò yẹ kí n yìn. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, torí bí mo bá kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn nínú rẹ̀, mo lè má dé ibẹ̀ mọ́.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ fótò. Kámẹ́rà onífíìmù ni gbogbo wa ń lò ní Òkè-Ògùn nígbà náà. O kò lè rí ohun tí o yà lójú ẹsẹ̀ bíi tòní. Àfi kí o wọ yàrá òkùnkùn, kí o fọ fíìmù, kí o fi í kọ́ kó gbẹ, kí o tó mọ̀ bóyá oníbàárà rẹ díjú. Iṣẹ́ àdáṣe ni. Ìdí nìyẹn tí àwa onífótò fi ní ọjọ́ tiwa. Bí a bá ti kírun Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù tán, àwa tí a wà ní Ìsẹ́yìn, ẹni tó ń bọ̀ láti Ìgànná, ẹni tó ń bọ̀ láti Otu, a ó pàdé ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó dàgbà jù nínú wa, tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Onífótò. A ó tẹ́ ẹní, oníkálukú á kó èyí tó dára jù nínú iṣẹ́ oṣù rẹ̀ lé e, a ó máa wò ó.

A kì í pàtẹ́wọ́ fúnra wa. Bí fótò ẹnì kan bá wù ọ́, ohun tí o máa wí ni pé, "Ẹ bá mi fọ ọ̀kan sí i." O ó gbé e lọ, o ó fi kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù tìrẹ, níwájú oníbàárà tìrẹ. Ẹ ò rí i pé ìyìn ńlá nìyẹn? Fótò kan tí mo yà, ti ìyá àti ọmọ níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí, tí èéfín bò wọ́n dé àyà, pẹ́ lára ògiri ní Ìgànná. Bí mo bá rántí rẹ̀, orí mi ṣì ń wú.

Ti Bàbá ni a máa ń kọ́kọ́ wò. Àgbà sì ni wọ́n. A kì í bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ wọn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Bàbá gbé fótò tọkọtìyàwó kan sílẹ̀. Ojú àwọn méjèèjì ń ṣe bàìbàì, bí ẹni tó wà nínú ọyẹ́. Kọ́tìnì tó wà lẹ́yìn wọn nìkan ló mú, tó hàn kedere. Gbogbo wa rí i. Ará Ìgànná wúkọ́. Ará Otu, aláwàdà wa, ní, "Bàbá, kọ́tìnì yín yìí mà dáa o!" A rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọjú sí mi.

"Ìwọ lojú ẹ mọ́ jù níbí. Ojú àwọn èèyàn yẹn, ṣé ó mú?"

"Ó mú dáadáa, Bàbá. Ẹ bá mi fọ ọ̀kan sí i."

Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni. Ara Bàbá balẹ̀, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni aládùúgbò mi kan tó ń hun òfì wá bá mi. Ìyá rẹ̀ ti darúgbó, wọn ò sì ya fótò rí láyé. Ìyá ní bí òun yóò bá yà, àfi lọ́dọ̀ Bàbá. Òun ò ní jókòó kí ọmọ àná máa sọ fún òun pé kí òun gbé àgbọ̀n sókè.

Ahunṣọ náà ní, "Àbúrò, ṣé Bàbá ṣì ń yà á dáadáa? Mo gbọ́ pé ojú ń yọ wọ́n lẹ́nu."

"Wọ́n ń yà á."

Ó wo ògiri mi, ó rí fótò tọkọtìyàwó yẹn. Ó wò ó títí. Ó wá ní bí onífótò bá lè fi í kọ́, a jẹ́ pé òun ni kò mọ fótò wò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mú ìyá rẹ̀ lọ. Ìyá ró òfì tí ọmọ wọn hun, wọ́n jókòó. Kí fótò tó jáde, wọ́n kú.

Ọjọ́ ìpàdé wa ni ahunṣọ náà wọlé, fótò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó gbé e sílẹ̀ láàrin tiwa lórí ẹní.

"Ẹ̀yin lẹ mọ fótò. Ẹ bá mi wá ojú ìyá mi níbẹ̀."

Kọ́tìnì ló mú. Bàbá gbé fótò náà sún mọ́ ojú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú. Wọ́n nà án sí mi.

"Kí lo rí?"

"Kò mú, Bàbá. Ojú ìyá ò hàn."

"Ti tọkọtìyàwó ọjọ́sí ńkọ́?"

"Òun náà ò mú."

Bàbá gba fótò náà padà lọ́wọ́ mi. "Mo ti ń fura sí ojú mi kí n tó bi ọ́. Ojú tìrẹ ni mo fẹ́ yá lò, ọmọ mi."

Wọn ò ya fótò mọ́. Síbẹ̀ wọ́n ń tẹ́ ẹní fún wa, wọn á sì ní kí n máa sọ ohun tí mo rí nínú fótò kọ̀ọ̀kan. Mò ń sọ ọ́, èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa, títí wọ́n fi dágbére fáyé. Wọ́n ti dárí jì mí kí wọ́n tó lọ.

Lónìí, ọmọ-ọmọ mi á ya fótò lórí fóònù, kí n tó ṣẹ́jú, èèyàn rẹpẹtẹ ti fi ọkàn pupa yìn ín. N ò bú wọn. Ó dùn kí èèyàn rí ẹni tí yóò yin iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ bó bá gbé e wá sọ́dọ̀ mi, mo máa ń wá awò ojú mi ná, kí n tó lanu. Inú rẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà dùn sí i.

Ahunṣọ náà ti darúgbó. Bí mo bá ń kọjá, á fi àpótí lọ̀ mí, a ó sọ̀rọ̀ òjò, a ó sọ̀rọ̀ iṣu. Kò dárúkọ fótò náà rí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ bi mí nígbà kan bí ìyá àgbà ṣe rí. Mo ní wọ́n pupa, mo ní bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ojú wọn a kéré. Mo sọ ọ́ títí. Àwọn ọmọ náà kàn ń wò mí lẹ́nu ni. Gbèsè ojú kan ni mo jẹ ilé yẹn, n kò sì mọ ibi tí n ó ti fọ ọ̀kan fún wọn.