Aṣọ Wọn Kò Tíì Gbẹ

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí Ìbàdàn kò tíì nà dé ibi tó nà dé lónìí, Òkè Àdó ni à ń gbé, nínú yàrá méjì tí fèrèsé ẹ̀yìn wọn kọjú sí ipadò. Ẹ̀yin tí ẹ bá dàgbà tó yóò rántí ọdún tí odò Ògùnpa bínú. Òjò bẹ̀rẹ̀, kò dá, omi sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé láìkágò. Ìyá mi gbé mi ka orí tábìlì, wọ́n pọn àbúrò mi ọkùnrin sẹ́yìn, wọ́n sì dúró nínú omi títí bàbá mi fi dé láti kó wa jáde. Orí kó wa yọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí òjò bá ti ṣú, ìyá mi kì í lè jókòó mọ́. Nígbà tó ṣe, wọ́n sọ fún bàbá mi pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibòmíràn fún wa. Ibi tí àwọn ọmọ yìí yóò ti rí ilẹ̀ gbígbẹ sáré lé.”

Akọ̀wé ni bàbá mi ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀, wọ́n sì ní ọkọ̀ ìjàpá kan tí ariwo rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ délé. Ọkọ̀ yìí la fi ń wá ilé kiri ní ọjọ́ Sátidé. Bódìjà wù wá gan-an, ṣùgbọ́n ojú lásán la fi jẹ ẹ́. Ní Agbowó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kún inú ilé bí ẹyẹ ẹ̀gà, orin kò sì dá. A dé Ṣálẹ́ńjì, a rí ilé kan tó dára, àmọ́ ìyá mi dúró wo àwọn tírélà tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Èkó, wọ́n wo àbúrò mi tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, wọ́n sì ní ká yí ọkọ̀ padà.

Ẹnìkan ní ọ́fíìsì bàbá mi ló wá júwe ilé kan ní ọ̀nà Ọ̀yọ́, tí èèyàn bá ti kọjá Òjóò, kó tó dé Moniya. Ní ìgbà náà, oko ló pọ̀ jù níbẹ̀, ilé kan níhìn-ín, ilé kan lọ́hùn-ún. Mi ò lè gbàgbé bí ibẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dé. Ilé náà ní yàrá mẹ́ta, kànga tí omi rẹ̀ mọ́ lóló, àti igi máńgòrò ńlá kan níwájú. Ilé kan ṣoṣo ló wà nítòsí rẹ̀, ọgbà lápálápá ló sì pààlà sáàárín àwọn méjèèjì. Lórí okùn tó wà ní ẹ̀yìn ọgbà yẹn, aṣọ ilé-ìwé mẹ́ta ń fì nínú afẹ́fẹ́, méjì ti ọkùnrin, ọ̀kan ti obìnrin. Omi ṣì ń kán lára wọn.

Inú ìyá mi dùn. “Ẹ ò rí i? Àwọn ọmọ mi ti rí ẹni bá ṣeré.”

Obìnrin tó ni aṣọ náà yọ sí wa lẹ́bàá ọgbà. Wọ́n ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí, wọ́n ga, ìró wọn mọ́ tónítóní. Wọ́n ní, “Ẹ kú àbọ̀ o. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kó wá? A dúpẹ́. Inú àwọn ọmọ mi á dùn.”

“Àwọn ọmọ náà dà, mà?” ni ìyá mi bi wọ́n.

“Wọ́n wà nítòsí.”

Alhájì tó ni ilé tí a fẹ́ gbà ni ó mú wa dé ibẹ̀, ọmọ onílẹ̀ láti ìgboro ni. Bàbá mi bi í pé kí ló dé tí àwọn tó gbé ibẹ̀ ṣáájú fi kó lọ. Ó ní, “Iṣẹ́ ló gbé wọn lọ sókè Ọya. Alihamudulilahi, ilé yìí kò ní wàhálà kankan.” Bí ó ti ń sọ ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí ọgbà lápálápá.

Báyìí la ṣe kó lọ. Láàárọ̀ kùtù, èmi àti bàbá mi á wọ ọkọ̀, wọ́n á já mi sí ilé-ìwé mi nígboro, wọ́n á kọjá lọ sí Dùgbẹ̀, ìrọ̀lẹ́ la sì máa ń padà. Ìyá mi, tó ń ránṣọ, gbé ẹ̀rọ wọn sábẹ́ igi máńgòrò, àbúrò mi á sì máa ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àlàáfíà wà, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́rọ́rọ́ ibẹ̀ pọ̀ fún ọmọ Òkè Àdó bí èmi. Bí máńgòrò kan bá jábọ́ lókèèrè, àyà mi á já.

Ìyá ilé kejì la ń pe obìnrin yẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń fọ aṣọ ilé-ìwé mẹ́ta yẹn, tí wọ́n ń sá a. Ní gbogbo Sátidé, tí oòrùn bá ti yẹ̀ díẹ̀, mo máa ń gbọ́ ohùn wọn: “Ẹ wá jẹun o! Oúnjẹ ti ń tutù!” Ẹ̀yìn ìyẹn, n óò gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń bá ẹnìkan wí pé kó má fọwọ́ òsì jẹun. Ohùn tiwọn nìkan ni mo sì máa ń gbọ́. Mo rò pé ọmọ tí a tọ́ dáadáa kì í pariwo ni.

Nígbà tí a gba ìsinmi Kérésìmesì, mo pinnu pé mo gbọ́dọ̀ rí ọmọbìnrin ibẹ̀, ká lè di ọ̀rẹ́. Ọyẹ́ ti dé nígbà náà, gbogbo ayé funfun, ètè wa ń là. Mo fi ọwọ́ ya ewé lápálápá, mo yọjú. Ìyá ilé kejì jókòó sórí ẹní, àwo mẹ́ta wà níwájú wọn, oúnjẹ kún inú wọn, èéfín ń rú. Wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wọ́n kọjú sí àwo kìíní, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọjú sí èkejì, wọ́n mi orí. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo dúró títí ọrùn fi ń ro mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n wo ibi tí mo fara pamọ́ sí gan-an, wọ́n sì ní, “Ìwọ náà wọlé wá, wọ́n ti ń retí rẹ.”

Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi délé, èmi kọ́. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, wọ́n ní ó lè jẹ́ pé inú ilé ni àwọn ọmọ náà wà. Síbẹ̀, wọ́n bu ìrẹsì ọdún sínú abọ́, wọ́n sì lọ kí obìnrin náà. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọn kò padà sídìí ẹ̀rọ mọ́. Wọ́n ní àwọn rí bàtà ọmọdé mẹ́ta nílẹ̀ pálọ̀ ibẹ̀, ẹnìkan ti kùn ún, ó ń dán, eruku kò sí lára rẹ̀ nínú ọyẹ́ yẹn. Wọ́n tún rí àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ẹní. Wọ́n ti ṣófo. Bóyá ajá ló jẹ oúnjẹ náà, bóyá àbúrò mi tó máa ń yọ́ gba abẹ́ ọgbà kọjá ni. Mi ò mọ̀ títí di òní.

Obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì ní ìkóríta ló tú ọ̀rọ̀ náà fún ìyá mi. Ìyá ilé kejì àti ọkọ wọn ló kọ́kọ́ kọ́lé sí agbègbè yẹn, torí wọ́n ń wá ibi tó tura fún àwọn ọmọ wọn, bí àwa náà ti ṣe. Ọkọ á kó àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ síléèwé nígboro láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, kùrukùru bo ọ̀nà, tírélà kan sì bàjẹ́ sójú títì láìtan iná. Ẹnikẹ́ni kò jáde láàyè nínú ọkọ̀ wọn. Obìnrin náà kò mọ̀. Nígbà tí oòrùn yẹ̀, ó gbọ́njẹ sílẹ̀, ó jáde síta, ó ń pè wọ́n. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè wọ́n.

Bàbá mi gbọ́, wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, “Ọ̀fọ̀ ló ṣe é, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ṣé a ó tún máa kẹ́rù kiri ni?” Ṣùgbọ́n ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí so ilẹ̀kùn àbáwọlé pa kí àbúrò mi má baà jáde.

Kò tó ọjọ́ mélòó kan tí àbúrò mi ń jẹun lọ́wọ́, tó wo ìyá mi, tó ní, “Ẹ bu tàwọn bọ̀dá náà.”

Ìyá mi béèrè pé, “Àwọn bọ̀dá wo?”

“Àwọn tó ní kí n má wọ mọ́tò tí funfun bá bo ọ̀nà.”

Kò sí ẹni tó sọ ìtàn náà létí rẹ̀ nílé wa. Ó lè jẹ́ Ìyá ilé kejì ló sọ ọ́ fún un. Ohun tí bàbá mi wí nìyẹn, wọn kò sì lè jẹun tán.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ilé-ìwé wọlé ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Kùrukùru ọjọ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí igi máńgòrò láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá mi wá aṣọ ilé-ìwé mi tí wọ́n ti lọ̀ tí wọ́n sì gbé kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sí níbẹ̀. Wọ́n rí i pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀. Bàbá mi ti bọ́ sínú ọkọ̀, wọ́n ń pè mí pé ilẹ̀ ti mọ́. Nígbà tí mo jáde, mo rí obìnrin kan nínú funfun yẹn, ó na apá méjèèjì lé iwájú ọkọ̀ bí ẹni fẹ́ gbé e dúró. Ìyá ilé kejì ni. Ọwọ́ wọn tutù, ọṣẹ wà lọ́wọ́ wọn títí dé ìgùnpá.

“Ẹ má kó wọn jáde lónìí,” ni wọ́n ń wí. “Aṣọ wọn kò tíì gbẹ.”

Mo wo ẹ̀yìn wọn. Afẹ́fẹ́ fẹ́ kùrukùru náà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, mo sì rí okùn aṣọ. Aṣọ ilé-ìwé mẹ́ta wà lórí rẹ̀. Ìkẹrin ni tèmi, omi ń ro lára rẹ̀.

Ìgbà náà ló tó yé wa ìdí tí wọ́n fi ń fọ aṣọ náà lójoojúmọ́. Ọmọ tí aṣọ rẹ̀ bá tutù kò lè lọ síléèwé.

Bàbá mi ti ya ẹnu láti jágbe mọ́ wọn. Wọ́n wo ọwọ́ ọlọ́ṣẹ yẹn lórí ọkọ̀, wọ́n sì yọ kọ́kọ́rọ́. A kò jáde lọ́jọ́ náà. N kò ní purọ́ fún yín, a kò gbọ́ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n bí ìyá mi ti wọlé padà, wọn kò bá àbúrò mi lórí ibùsùn. Wọ́n sáré gba ẹ̀yìn lọ sí ilé kejì, mo tẹ̀ lé wọn. Inú pálọ̀ la ti bá a. Ó jókòó lórí ẹní níwájú àwo, ó wọ ṣòkòtò kan tó gùn jù ú lọ. Ìyá mi pe orúkọ rẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Wọ́n tún un pè, wọ́n fi oríkì rẹ̀ kún un, ó ń jẹun lọ ní tirẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Nígbà náà ni Ìyá ilé kejì wọlé lẹ́yìn wa, wọ́n sì rọra pe orúkọ kan tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó yíjú padà kíá.

Mo rò pé ìyá mi á já a gbà. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì tútù yẹn níwájú obìnrin náà. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà fún mi. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ fún un kó máa bọ̀.”

Obìnrin náà wò wọ́n. Ojú wọn yí padà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n nu ẹnu ọmọ náà pẹ̀lú etí ìró wọn. “Lọ bá ìyá rẹ,” ni wọ́n wí, orúkọ tirẹ̀ gan-an ni wọ́n sì pè é. Àbúrò mi wo ìhà ọ̀dọ̀ wa bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó sì bú sẹ́kún.

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ sáàárín àwo. Wọ́n sunkún lọ́jọ́ yẹn títí ohùn wọn fi wọlẹ̀, ìyá mi sì jókòó tì wọ́n. Olóko kan tó kọjá sọ fún wa pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin àwọn ọmọ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òun máa gbọ́ tó ń sunkún.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àbúrò Ìyá ilé kejì kan, obìnrin, wá láti Ṣakí, ó sì mú wọn lọ. Bàbá mi tún ti ń wá ilé mìíràn kiri, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n báyìí. Ìyá mi ló kọ̀. Wọ́n ní, “Ibo la fẹ́ lọ tí ẹnikẹ́ni kò kú rí?” Ibẹ̀ náà la gbé títí mo fi relé ọkọ. Àbúrò mi kò rántí ohunkóhun nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, bí ọyẹ́ bá ti mú, tí oòrùn sì yẹ̀ lọ́sàn-án, ó máa ń dá eré dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á lọ fọ ọwọ́, á sì dúró sẹ́bàá ọgbà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Moniya tí mo sọ fún yín yìí, rélùwéè ti dé ibẹ̀, ilé ti di mọ́ ilé, kò sí lápálápá tó ń pààlà mọ́, ògiri gíga tí wọ́n ta wáyà lé ló kù. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi obìnrin ń wá ilé fún ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ lápá ibẹ̀, ó sì ní kí n bá òun wò ó. Ó béèrè iná lọ́wọ́ onílé, ó béèrè omi, ó béèrè bí ọ̀nà ṣe jìn sí ibi iṣẹ́. Èmi yọ́ kúrò lẹ́yìn wọn, mo lọ kan ilẹ̀kùn irin ilé kejì sí èyí tí a wá wò. Ẹnikẹ́ni kò jáde. Ohùn obìnrin kan ló dá mi lóhùn láti inú àpótí kékeré kan lára ògiri, pé ta ni mo ń wá.

Mo ní, “Kò sí o. Mo kàn ní kí n kí yín ni.”

“Ẹ ṣé, mà,” ni ohùn náà wí.

Mo dúró síbẹ̀ títí ọmọ mi fi fọn fèrè ọkọ̀. Ó gba ilé náà, wọ́n sì ti ń gbé ibẹ̀ báyìí. Mo ti lọ kí wọn láìmọye ìgbà. N kò tíì rí ojú ẹni tó ni ohùn yẹn.